Ẹyẹ dúdú ń fa àgbàdo wa tu: ṣé rook ni àbí kannakánná?

Ọmọ Àgbẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. England ni mo wà, oko ọ̀gá kan ni mo ń bójú tó. Ìparí oṣù kẹrin la gbin àgbàdo. Bó ṣe ń yọrí báyìí ni àwọn ẹyẹ dúdú kan ya bò ó. Wọ́n ń tẹ̀ lé ìlà lọ bí ẹni ń ka owó, wọ́n ń fa á tu, wọ́n á jẹ hóró ìdí rẹ̀, wọ́n á sọ ewé sílẹ̀. Kannakánná tí mo mọ̀ nílé funfun láyà, ti ibí dúdú bí kóró iṣin. Ọ̀gá ní rook ni, ìyẹn ẹyẹ dúdú ibí kan tó jọ kannakánná, aládùúgbò wa ní kannakánná ni. Báwo ni mo ṣe máa dá wọn mọ̀, kí ni kí n sì ṣe? Ó ká mi lára gan-an, ọwọ́ mi ni mo fi gbìn ín.

Ìyá Àdùkẹ́: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ojú ni kí o kọ́kọ́ wò. Rook tó ti dàgbà kò ní ìyẹ́ nídìí àgógó, awọ ibẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó funfun bí eérú. Àgógó kannakánná ibí dúdú, ó ki, ìyẹ́ sì bo ìdí rẹ̀. Ìyẹ́ itan rook tún máa ń rọ̀ wálẹ̀ bíi ṣòkòtò tó fẹ̀.

Bọ̀dá Káyọ̀dé: Òótọ́ ni Màmá sọ. Àmọ́ àbúrò, ọmọ rook tí kò tíì pé ọdún kan ní ìyẹ́ lójú, àgógó rẹ̀ sì dúdú. Ibẹ̀ ló ti ń ṣi èèyàn lójú. Wọ́n á ní èyí tó bá pọ̀ lójú kan ni rook, má gbára lé e pátápátá, kannakánná tí kò tíì ní ìtẹ́ náà máa ń kóra jọ. Ìtẹ́ ló dájú jù. Rook ń tẹ́ tiwọn lọ́pọ̀ yanturu sórí àwọn igi gíga tó wà pa pọ̀, takọtabo kannakánná á lọ dá tiwọn tẹ́.

Ọmọ Àgbẹ̀: Mo padà lọ wò ó. Gbogbo wọn ló funfun lójú àfi bíi mẹ́ta, ìtẹ́ tó lé ní ogún sì wà lórí igi ẹ̀gbẹ́ oko. Ọ̀gá ti ń wá ìbọn.

Bàbá Olóko: Kí ọ̀gá rọra ná. Òfin Wildlife and Countryside Act ti 1981 dáàbò bo rook àti kannakánná, tìtẹ́ tẹyin wọn. Ìwé àṣẹ kan wà ní England, GL42, tó fàyè gba pípa wọn kí ọ̀gbìn má baà bàjẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìlànà tirẹ̀. Ẹ kà á dáadáa, kí ẹ sì gbìyànjú ọ̀nà tí kò la ikú lọ.

Ohun tó jẹ mí lógún jù ni pé kí o gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ wò. Rook fẹ́ràn ekòló àti ìdin tó ń jẹ gbòǹgbò. Bí àgbàdo bá rọ lórí ìdúró, tí wọ́n ti gé e jẹ nísàlẹ̀, ìdin ló ṣe é, ìdin yẹn lẹyẹ sì wá jẹ. Bó bá hú jáde tí hóró kò sí mọ́, rook ni. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọ̀sẹ̀ méjì la fi lé ẹyẹ tó ń bá wa jẹ ìdin. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ìyá Àdùkẹ́: Ọgbọ́n wọn pọ̀ o. Ère tí a fi ń dẹ́rù ba ẹyẹ, tó bá dúró sójú kan, kò ní pẹ́ tí wọ́n á máa bà lé e lórí. Máa gbé e káàkiri, kí ìwọ fúnra rẹ sì máa wọ oko ní ìdájí, ìgbà tí wọ́n ń bọ̀ wá jẹun. Ìbọn gáàsì, èyí tó kàn ń dún gbàù láìní ọta, wúlò bí o bá ń yí ibi tó wà padà, ṣùgbọ́n ro ti àwọn aládùúgbò. Bí àgbàdo bá ti ta gbòǹgbò dáadáa, wọ́n á fi í sílẹ̀.

Ọmọ Àgbẹ̀: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin òbí mi. Mo gbẹ́ ibi márùn-ún, hóró kò sí, ìdin kan ṣoṣo ni mo rí. Irúgbìn tó dà sílẹ̀ níbi tí katakata ti ń yí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, mo ti kó o kúrò. Màmá, bí a bá tún máa gbin àgbàdo, báwo ló ṣe yẹ kí hóró jìn tó nínú ilẹ̀?

Ìyá Àdùkẹ́: Kó tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ sì tẹ ilẹ̀ náà dáadáa. Hóró kankan ò gbọdọ̀ hàn sókè.