Orúkọ Ta Ló Wà Lórí Bíìlì? Ìrírí Wa Lórí Owó Káńsù Nígbà Kòrónà

Onídìrí, gúúsù London:

Ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí Boris Johnson, olórí ìjọba Britain nígbà náà, kéde kónílé-ó-gbélé lórí tẹlifíṣọ̀n, irun oníbàárà kan ṣì wà lọ́wọ́ mi tí n kò tíì dì dé ìdajì. Mo dì í tán, mo ti ilẹ̀kùn, n kò sì ṣí i mọ́ títí di ọjọ́ 4 oṣù Keje tí ìjọba gba àwa onírun láyè láti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Kí a tó tì pa ni mo ti gbọ́ pé ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ àti ilé ìgbafẹ́ kò ní san owó rétì (owó-orí tí káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ń gbà lórí ilé ìṣòwò) fún odidi ọdún kan, àti pé ṣọ́ọ̀bù kékeré tí ìjọba díwọ̀n owó ilé rẹ̀ lọ́dún sí £15,000 tàbí kí ó dín yóò gba £10,000 nípasẹ̀ káńsù, tí kò sì ní dá a padà. Mo pe káńsù. Obìnrin tó gbé fóònù béèrè nọ́ńbà àkáǹtì rétì mi, mo sì dá a lóhùn pé inú owó ilé ni mo ń san án sí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ṣọ́ọ̀bù wa ṣe rí ní àdúgbò yìí mọ̀ pé ojúlé kan lè gba oníṣòwò mẹ́rin: alátà àti onígaàrí níwájú, ẹni tó ń tún fóònù ṣe láàárín, èmi àti àga mẹ́ta lẹ́yìn pátápátá. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni à ń kówó fún onílé, òun ló sì ń san rétì, omi àti iná. Nínú ìwé káńsù, ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ni, orúkọ kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dárí owó rétì ji ojúlé náà, òun ni wọ́n dárí rẹ̀ jì. Kò yọ kọ́bọ̀ kúrò nínú tiwa. N kò bá káńsù wí, nítorí ohun tó wà nínú ìwé wọn ni wọ́n tẹ̀ lé. Onílé ní báǹkì ń lé òun káàkiri, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òótọ́.

Ní oṣù Karùn-ún ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ya owó tó tó £617 mílíọ̀nù sọ́tọ̀ fún irú àwa tí a ń pín ilé lò àti àwọn tó ń pàtẹ lọ́jà, ṣùgbọ́n káńsù kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu bí yóò ṣe pín tirẹ̀. Wọ́n béèrè ẹ̀rí pé mo ti ń san owó ilé ṣáájú kòrónà. Bẹ́ẹ̀ owó ọwọ́ ni mo máa ń san! Ohun tó yọ mí ni pé onílé lọ sílé ṣe Kérésì tó ṣáájú kòrónà, ó sì ní kí a máa fowó sí báǹkì títí òun yóò fi dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni ìwé báǹkì mi fi hàn, òun náà ni mo fi gba ìwọ̀nba tí mo gbà, tí kò tó £10,000.

Alásè, àríwá England:

Ẹ kú ìrọ́jú, àǹtí mi. Tèmi rọrùn díẹ̀, nítorí orúkọ mi ló wà lórí ìwé. N kì í san rétì tẹ́lẹ̀, torí pé ìdíwọ̀n ilé ìdáná mi kò tó £12,000, síbẹ̀ £10,000 náà dé, nítorí mo wà nínú àkọsílẹ̀ wọn.

Owó pàǹtí ló dùn mí. Mo gbàgbé àdéhùn kíkó pàǹtí tí mo bá káńsù ṣe pátápátá, títí bíìlì fi dé lórí bíìnì tí ẹnikẹ́ni kò da nǹkan sí. Mo kọ íméèlì, wọ́n gbà láti dá a dúró, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí íméèlì mi dé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kì í ṣe ọjọ́ tí mo tilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ omi kò sí lọ́wọ́ káńsù rárá. Ofwat, tó ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ omi, ló gbà kí wọ́n kọ ṣọ́ọ̀bù tí kòrónà tì pa sílẹ̀ bí ibi tó ṣófo fún ìgbà díẹ̀, kí owó má baà máa gorí owó.

Onídìrí, gúúsù London:

Ẹ ṣeun, bọ̀dá. Ti omi náà kò kàn mí, orúkọ onílé ló wà níbẹ̀. Mo kó jáde ní ọdún 2022. Ọjọ́ tí bíìlì rétì kọ́kọ́ dé ní orúkọ mi, ọkọ mi béèrè pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín sí gbèsè.