Ọmọ ọdún mélòó la máa kọ sí báńà ìyá wa báyìí?

ỌmọOnírú:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyá tó bí bàbá mi jáde láyé lóṣù tó kọjá lábúlé wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣakí, Mùsùlùmí ni wọ́n, ọjọ́ yẹn náà la sin wọ́n, fídáù ọjọ́ kẹjọ ti lọ, ogójì ló kù táwọn ẹbí fẹ́ ṣe rẹpẹtẹ, èmi ni wọ́n wá ní kí n kọ ìtàn ìyá sínú ìwé tí wọ́n máa pín kí n sì ṣe báńà torí èmi ni mo mọ kọ̀ǹpútà lò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó mọ ọdún tí wọ́n bí wọn, àbúrò bàbá mi ní ká kọ 115, àǹtí wa ní 102. Ohun tí mo ṣáà mọ̀ ni pé irú ni wọ́n ń ṣe tà, àwọn àti bàbá àgbà gbé Kùmásì ní Gánà rí, wọ́n sì máa ń sọ pé àwọn ti ń pọnmi fún ìyá àwọn nígbà ogun Hitler tí iyọ̀ wọ́n bí imí eégún. Ẹ gbà mí o.

BàbáÌgbòho:
Ẹ kú aṣẹ̀yìndè, Ọlọ́hun á fọ̀run kẹ́ wọn. 115 kẹ̀! Ẹni tó bá pé 115 lónìí, nígbà tí ogun yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 1939 ó ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún nìyẹn, á ti bímọ mẹ́ta mẹ́rin, ṣé ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa ní òun ń pọnmi fún ìyá òun? Bàbá yín ńkọ́, ṣé àwọn ni àkọ́bí? Ọdún wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé?

ỌmọOnírú:
Àwọn ni àkọ́bí sà. Wọ́n wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé ìwé ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ní Jánúárì 1955, wọ́n ní káwọn gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí lọ kan etí òsì, ọwọ́ tó o, ni wọ́n bá gbà wọ́n. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá ni wọ́n fi wọ́n sí nílé.

BàbáÌgbòho:
Ó parí! Ọmọ ọdún mẹ́fà ní 1955, a jẹ́ pé 1948 tàbí 1949 ni wọ́n bí bàbá yín. Ká ní ìyá tó ogún ọdún nígbà yẹn, wọ́n á ti jẹ́ bí ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà ogun Hitler, ó bá omi pípọn mu dáadáa. Ẹ kọ "ó lé ní àádọ́rùn-ún" ẹ jẹ́ á lọ.

ÌyáÌbejì_Ìlọrin:
Ọjọ́ orí ṣáá lẹ̀ ń lé, irú tí wọ́n ṣe ńkọ́? Gbogbo ìwé òkú tí mo ti gbà, "abiyamọ tòótọ́, ẹni ire" ló wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ fọ́tò ẹ ò ní mọ̀ pé òkú ẹlòmíì ni. Ìyá ọkọ mi náà ṣe irú. Tí wọ́n bá ti gbé e kaná nírọ̀lẹ́ ó di kí ilẹ̀ mọ́, tí iná bá rẹlẹ̀ pẹ́nrẹ́n a ti dìde kó igi sí i, láàárọ̀ wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí èèpo á fi bó, a gbé e rodò lọ ṣàn, wọ́n á tún un sè, kí wọ́n tó wá bò ó mọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Wọn ò kí ń ṣí i wò o, wọ́n á kàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n á fínmú, wọ́n á ní "ó kù díẹ̀". Ẹ lọ bi ẹni tó bá ìyá tiyín ṣe é.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ má fo Gánà o. Tó bá jẹ́ ìparí 1969 ni wọ́n padà wálé, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà yẹn, ló lé wọn, Nòfẹ́ńbà ni wọ́n kéde pé àjèjì tí ò bá ní ìwé ìgbélùú kó kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn èèyàn wa kún ibẹ̀ bámúbámú nígbà yẹn, wọ́n fi ọjà sílẹ̀, wọ́n fi ilé sílẹ̀, àwìn tí wọ́n tà dẹ̀ wọgbó. Bàbá mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Kùmásì sétí títí dòní.

ỌmọOnírú:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti pe ìyàwó àbúrò bàbá àgbà tí wọ́n jọ dé, 1969 náà ni lóòótọ́. Wọ́n ní ẹrù orí nìkan ni wọ́n gbé wọlé, bàbá àgbà kàn jókòó ni wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ìyá ló lọ gba irú tí wọn ò tíì sè kóńgò mélòó kan láwìn, òun ni wọ́n ṣe tà, owó ẹ̀ ni gbogbo ilé jẹ títí wọ́n fi rí oko dá. Mi ò gbọ́ èyí rí láyé mi! Mo ti gbà á sórí fóònù. Àbúrò bàbá mi ò tíì gbà ṣá o, wọ́n ní àwọn ti fi 115 ránṣẹ́ sẹ́ni tó ń tẹ báńà, mo ní kó dá iṣẹ́ dúró ná, kí n lọ bẹ̀ wọ́n ní Sátidé.