Kí ni ká máa pe kílíkà tí a fi ń kọ́ ọmọ ajá?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni a ti ń fa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mọ́ ara wa lọ́wọ́: orúkọ wo ló yẹ àpótí kékeré inú àtẹ́lẹwọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ajá, èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní clicker? Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ahọ́n irin pẹlẹbẹ kan ló wà nínú rẹ̀. Tí a bá tẹ̀ ẹ́, irin náà á tẹ̀, á dún. Tí a bá yọ ìka, á padà sí àyè rẹ̀, á tún dún. Ìró méjèèjì yára débi pé etí ń gbọ́ wọn bí ẹyọ kan. Ìgbà tí ọmọ ajá bá ṣe ohun tí a fẹ́ gan-an ni à ń tẹ̀ ẹ́, oúnjẹ díẹ̀ á sì tẹ̀lé e.

Àbá mẹ́rin ló ti wá. Ẹnìkan ní ká fi kílíkà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí a ṣe gba fóònù àti kọ̀ǹpútà mọ́ra. Ẹnìkejì dábàá "ẹ̀rọ ìpàṣẹ ajá". Ẹnìkẹta ní "adúnkẹ́", nítorí pé kẹ́ ni òun gbọ́ nígbà tí irin náà dún. Bàbá wa kan sì mú "ìrẹ̀" wá. Ọmọ ajá mẹ́ta ni mo ti fi nǹkan yìí kọ́, Yorùbá sì ni mo fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ohun tó ń dùn mí ni pé orúkọ tí a bá fún un ni olùkọ́ àkọ́kọ́ fún ẹni tó fẹ́ lò ó. Bí orúkọ bá ṣìnà, ọwọ́ á ṣi nǹkan lò.

"Ẹ̀rọ ìpàṣẹ ajá" ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bẹ̀ yín pé kí á gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àṣẹ máa ń ṣáájú iṣẹ́: a ó ní "Jókòó!", ajá á wá jókòó. Ìró yìí, ó di ìgbà tí ìdí ajá bá kan ilẹ̀ kó tó dún. Ẹni tó bá gbà pé ẹ̀rọ ìpàṣẹ ló wà lọ́wọ́ òun yóò máa tẹ̀ ẹ́ láti fi pe ajá tó jìnnà, tàbí láti fi dá a lẹ́kun nígbà tó bá ń gbó. Mo rí ẹnìkan tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ajá rẹ̀ ń họ ilẹ̀kùn, òun náà ń tẹ̀ ẹ́ kẹ́, kẹ́, kẹ́, kí ajá lè wẹ̀yìn. Ajá wẹ̀yìn lóòótọ́, ó gba oúnjẹ, ó sì padà sídìí ilẹ̀kùn lọ họ ọ́ sí i. Ohun tó kọ́ ni pé ilẹ̀kùn híhọ ń mú oúnjẹ wá. Ajá kò ṣìwà hù. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló jẹ́rìí sí ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́.

"Adúnkẹ́" ni mo fẹ́ràn jù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èdè wa mọ bí a ti ń fi ìró sọ nǹkan lórúkọ, ẹ wo alùpùpù, ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni a gbọ́ nínú orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i, bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe lórí fóònù: Adunke. Oríkì obìnrin ni gbogbo ènìyàn yóò kà, Àdùnkẹ́, ẹni tó dùn-ún kẹ́. Bí a bá tilẹ̀ fi àmì sí i pé pérépéré, "kẹ́" ti ní iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ nínú èdè wa. Òun ló wà nínú ìkẹ́, a sì tún ń gbọ́ ọ nínú dákẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ "mo fi adúnkẹ́ kọ́ ajá mi" yóò rò pé ọ̀rọ̀ ìṣìkẹ́ là ń sọ. Ọmọ ajá tí a ń kẹ́ ń jẹun láìṣe nǹkan kan. Èyí tí à ń kọ́ ń ṣiṣẹ́ kó tó jẹ.

Ìrẹ̀ ní ìtàn lẹ́yìn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá tó mú un wá. Kí nǹkan yìí tó di ti ajá, ohun ìṣeré ọmọdé ni, orúkọ kòkòrò yẹn náà sì ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi ń pè é. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti ẹ̀ka 101st Airborne, tó bọ́ láti inú ọkọ̀ òfuurufú sí Normandy ní òru ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1944, mú un lọ láti fi dá ara wọn mọ̀ nínú òkùnkùn: ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ń retí kí ẹni tó wà níwájú tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní 1951, B. F. Skinner, onímọ̀ nípa ìhùwàsí, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú Scientific American lórí bí a ti ń kọ́ ẹranko, ìrẹ̀ ìṣeré yìí sì wà lára ohun tó ní kí ènìyàn lò. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjì, Keller Breland àti Marian Breland, ti mú ìlànà yìí jáde kúrò ní yàrá ìwádìí láti àwọn ọdún 1940, wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́ òòjọ́. Karen Pryor fi fèrè ṣe irú rẹ̀ fún àwọn dólífíìnì ní Hawaii ní àwọn ọdún 1960, kó tó di pé ó tan ìlànà náà ká láàárín àwọn alájá. Nítorí náà, lórí ìtàn, Bàbá jàre. Ohun tí kò jẹ́ kí n fara mọ́ ọn ni pé ìrẹ̀ gidi kì í dákẹ́ lóru, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀ẹ̀kan péré ni tiwa gbọ́dọ̀ dún fún iṣẹ́ kan. Yàtọ̀ sí èyí, ọmọ ajá ń lé ìrẹ̀ nínú koríko. Bí ẹnìkan bá sọ pé "ajá mi sáré tọ ìrẹ̀ lọ", èwo nínú méjèèjì?

Ní ti kílíkà, n kò bá a jà. Àwọn ènìyàn á máa sọ ọ́ bó ti wù kí ó rí. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò sọ nǹkan kan fún etí Yorùbá.

Àbá tèmi ni adúnjẹ́rìí. Ẹ rántí bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe sọ rédíò lórúkọ. Wọn kò wo bátìrì rẹ̀, wọ́n wo ohun tó ń ṣe láàárín òun àti ènìyàn, wọ́n ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Bákan náà ni a-dún-jẹ́-ẹ̀rí: ohun tó ń dún láti fi jẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí kì í pàṣẹ, kì í bẹ̀bẹ̀, kì í sì í yin ni. Ohun tó ṣojú rẹ̀ ló ń sọ. Gbogbo òfin tí ẹni tó ń kọ́ ajá gbọ́dọ̀ mọ̀ ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, tí a bá tú u wò.

Àkọ́kọ́, ẹ̀rí kò gbọdọ̀ pẹ́. Bí ọmọ ajá bá jókòó, tó sì ti ń dìde kí a tó tẹ̀ ẹ́, ìdìde la jẹ́rìí sí. Ìṣẹ́jú àáyá kan ti pọ̀ jù. Ìdí nìyí tí ohùn ẹnu wa kò fi tó: kí a tó sọ "ó káre" tán, ajá ti ṣe nǹkan mẹ́ta mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ èdè olóhùn ni mo sì ń bá sọ̀rọ̀, ẹ mọ̀ pé "ó káre" tí a sọ nígbà tí ara le kì í ṣe "ó káre" tí a sọ nígbà tó ti rẹ̀ wá. Irin kò mọ ìrẹ̀wẹ̀sì, bó ti dún lánàá ni yóò dún lónìí.

Èkejì, ẹ̀rí kò gbọdọ̀ jẹ́ irọ́. Tó bá ti dún, oúnjẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e, kódà bó jẹ́ pé ìka wa ló ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Ìró kan, oúnjẹ kan. Àwọn kan máa ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nígbà tí inú wọn bá dùn gan-an. Bí inú wa bá dùn, oúnjẹ ni ká fi kún, ká má fi kún ìró.

Èyí mú mi dé ibi tí a ti ń jiyàn lórí iṣẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ìgbà tí ajá ń kọ́ pé ìró náà ń mú oúnjẹ wá, èyí tí ẹnìkan túmọ̀ sí "sísáàjì kílíkà". Mo mọ̀ pé bí Gẹ̀ẹ́sì ti ń sọ ọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí iná tó ń wọ inú irin náà. Inú orí ajá ni nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Mo dábàá "sísọ ìró di ọ̀rọ̀". Bí a ti ń ṣe é kò le: ẹ wọ yàrá tó parọ́rọ́, ẹ ní oúnjẹ rírọ̀ tí ẹyọ rẹ̀ kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fún un. Ẹ sinmi díẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ẹ tún fún un. Ẹ má béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró títí tí yóò fi wo ibòmíràn, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́. Bó bá yí orí padà wìrì tó ń wá oúnjẹ, ìró ti di ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ohun tí Pavlov, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, rí ní Rọ́ṣíà náà ni, nígbà tí itọ́ ajá bẹ̀rẹ̀ sí í dà nítorí ìró tó máa ń ṣáájú oúnjẹ.

Ọmọ ajá mi kejì kò gba èyí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó gbọ́ ìró náà lẹ́ẹ̀kan, ó wọ abẹ́ àga. Èmi ni mo jẹ̀bi, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́bàá etí rẹ̀. Mo fi aṣọ nípọn wé kílíkà náà, mo sì fi ọwọ́ mi sínú àpò kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá mi kiri. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lè bẹ̀rẹ̀, bí a kò bá ti kọjá ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan.

Ìbéèrè tó dùn mọ́ mi jù ni ti arábìnrin wa tó ní: ṣé kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni a ń fún ajá? Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló dáhùn. À-bẹ̀-tẹ́lẹ̀: ohun tí a fi bẹ ènìyàn tẹ́lẹ̀, kó tó ṣe nǹkan. Bí a bá na oúnjẹ sí ajá nímú, tí a ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni lóòótọ́, ajá tó bá sì mọ́ lára kò ní jókòó lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá ṣófo. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá wà nínú àpò, tí ọwọ́ wà nílẹ̀ jẹ́ẹ́ títí ìró fi dún, kò sí ohun tí a bẹ̀ tẹ́lẹ̀. N kò rí i kí Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bí tiwa ṣe ṣe é.

Kí ni ká wá pe oúnjẹ náà? "Ẹ̀bùn" kò tọ́, ọ̀fẹ́ ni ẹ̀bùn. "Ẹ̀san" sún mọ́ ọn, àmọ́ ìgbẹ̀san ló ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. "Ọ̀yà" dára, ó ní àdéhùn nínú, ṣùgbọ́n owó ló ń rùn. Mo fara mọ́ "èrè". Mo gbà pé nígbà míràn a máa ń fi oúnjẹ darí imú ajá sókè kí ìdí rẹ̀ lè lọ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní "fífà", kí á sì fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin péré, lẹ́yìn náà kí ọwọ́ òfìfo ṣe ìṣe kan náà.

Fún ọ̀nà kejì, níbi tí a ti ń dúró kí ajá jókòó fúnra rẹ̀, mo dábàá "kíkámọ́". Mo mọ̀ pé olè là ń ká mọ́. Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ olè, kí á ká ajá mọ́ ibi tó ti ń ṣe dáadáa. Èyí tí a ń ṣe díẹ̀díẹ̀, tí a ń jẹ́rìí sí ìgbésẹ̀ kan, tí a tún ń retí èyí tó jù ú lọ díẹ̀, "mímọ" ló yẹ ẹ́, bí a ti ń mọ ìkòkò. Kí ẹni tó ń kọ ọ́ má ṣe gbàgbé pé ohùn àárín ni.

"Jókòó" fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìgbà tí ajá bá ti ń jókòó láìṣiyèméjì ni a ń mú ọ̀rọ̀ ẹnu wọlé, kété kó tó jókòó. Mo máa ń pè é ní orúkọ iṣẹ́ náà. Nígbà tí ajá bá sì ti mọ orúkọ yẹn dájú, a lè gbé adúnjẹ́rìí sílẹ̀ títí di ìgbà tí ẹ̀kọ́ tuntun bá dé.

Ó ku ibì kan tí àbá mi kò tíì dé. Ajá tó dití kò gbọ́ ìró, iná kékeré tó ń tàn lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn kan nínú wọn. Ohun tí kò dún kò lè jẹ́ adúnjẹ́rìí. Mo gbìyànjú "atànjẹ́rìí", mo sì pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, torí "tàn jẹ" ló ń yọjú nínú rẹ̀, a kò sì fẹ́ ẹlẹ́rìí tó ń tan ni jẹ. "Aṣẹ́jújẹ́rìí" ni mo ní lọ́wọ́ báyìí, nítorí pé iná náà ń ṣẹ́jú. Ó gùn, ó sì ń kọ́ ahọ́n. Ẹni tó bá ní èyí tó dán ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un wá.