Òpó Màpó kò kúrò lọ́wọ́ mi
Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn. Bí mo bá ti ki ìyẹ́ adìyẹ bọ ẹ̀kọ láfún láti yàwòrán sáṣọ báyìí, òpó gbọ̀ngàn Màpó lọwọ́ mi ń lọ. Lóòótọ́, òpó yẹn wà nínú Ìbàdàndùn, àwòrán àdìrẹ tí àwọn ìyá wa ń yà, ṣùgbọ́n tèmi ti pọ̀ jù: òpó nínú òjò, òpó tí ewúrẹ́ fara tì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹja ni mo fẹ́ yà. Kí n tó gbójú sókè, ìrù ẹja ti di òpó! Oníbàárà mi kan ní, "Ìyá, ṣé kò sí nǹkan mìíràn n'Ìbàdàn ni?"

Ẹ̀yin ayàwòrán, ẹ̀yin akéwì, ṣé kí n fipá fi í sílẹ̀ ni, àbí kí n máa yà á lọ? Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé nǹkan ti tán nínú yín?