Aago tó fẹ́ dá mi padà lórí Guadalupe Peak

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìrírí tiyín nípa gígun òkè, tí mò ń rẹ́rìn-ín sínú. Ó yá, ẹ gbọ́ tèmi náà. Èmi nìkan ni mo gun Guadalupe Peak nínú oṣù Kejìlá, kò sì sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́.

Fún ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀, òun ni òkè tó ga jù ní gbogbo Texas, ẹsẹ̀ bàtà 8,751. Inú aṣálẹ̀ Chihuahua ló wà, kò jìnnà sí ààlà New Mexico. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ kò ju máìlì 8.4 lọ. Ẹ ó ní, ṣé ìyẹn náà ni mò ń pariwo? Ẹ mú sùúrù. Láti Pine Springs tí a ń gbé mọ́tò sí, ẹsẹ̀ bàtà 3,000 lẹ ó gùn kí ẹ tó dé ṣóńṣó orí rẹ̀. Kò sí omi lójú ọ̀nà. Èyí tẹ́ ẹ bá gbé kọ́ ẹ̀yìn lẹ ó mu.

Wọ́n ní aṣálẹ̀, ọkàn mi ní ooru. Irọ́ gbáà! Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn mọ́tò láago 7:20 àárọ̀, òtútù gbá mi létí, mo padà wọlé, mo tilẹ̀kùn. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń bá ara mi jà. Mo ti kọ òfin kan sórí ìwé pélébé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn fóònù: AAGO KAN, PADÀ. Ibi yòówù tí mo bá dé, tí aago kan ọ̀sán bá ti lù, mo ní láti yí padà, torí bí aago márùn-ún ni oòrùn ń wọ̀ níbẹ̀ lásìkò yẹn. Mo sì ti sọ fún àbúrò mi pé tí kò bá gbọ́ ohùn mi títí aago méje alẹ́, kó pe àwọn tó ń ṣọ́ ọgbà ìjọba tí òkè náà wà nínú rẹ̀.

Máìlì kan àbọ̀ àkọ́kọ́ ló burú jù. Ọ̀nà ń lọ́ bí ejò, ó ń gòkè, kò sinmi. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé afẹ́fẹ́. Mo ti kà nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, pé ó máa ń le nígbà òtútù, àmọ́ kíkà ò jọ rírí. Mo dé igun kan, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kí n tẹ̀ síwájú, afẹ́fẹ́ bá mi gbé e síbòmíràn. Mo lóṣòó wẹ́rẹ́, mo di òkúta mú. Ṣe ló ń hó bíi tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹni, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bojú wẹ̀yìn. Nígbà tó yá, mo mọ ìwà ẹ̀: ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ nísàlẹ̀ nínú àfonífojì, kó tó kàn yín. Tí mo bá ti gbọ́ ọ báyìí, mo ti lóṣòó. Ó gba fìlà mi lọ ṣá. Ẹni tó bá rí fìlà dúdú kan ní ìlà-oòrùn Texas, tèmi ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà yí sí ìhà àríwá òkè, mo bá ara mi nínú igbó igi páìnì. Igbó, nínú aṣálẹ̀! Oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀, nítorí náà yìnyín ti dì mọ́lẹ̀, ó ń dán bíi dígí. Mo so irin eléyín mọ́ bàtà, mò ń rìn bí ìyá arúgbó. Ìgbà tí mo fẹ́ mumi, rọ́bà tí mo fi ń fa omi nínú àpò ẹ̀yìn ti dì gbagidi. Mo tì í bọ inú ẹ̀wù, mo fi àyà mi yọ́ ọ. Ìgò kejì tí mo dorí rẹ̀ kodò ló kó mi yọ: apá òkè omi ló kọ́kọ́ ń dì, tí ẹ bá dorí ìgò kodò, ẹnu rẹ̀ ò ní tètè dí.

Mo gun ibi kan tí mo rò pé òpin nìyí. Kì í ṣe òpin. Òkè gangan wà níwájú, ó ń wò mí. Mo dé ibi afárá onígi kékeré kan, ó kù bíi máìlì kan, mo bá yọ fóònù wò. 1:10.

Ẹ̀yin ará, ara mi rọ. Mo ní yìnyín ló dá mi dúró, mo ní ọ̀lẹ ni mí, mo ní kí ni mo jókòó sínú mọ́tò fún láàárọ̀. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Mo ti kọ ẹ̀yìn sí òkè, mo ti gbé bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, nígbà tí bàbá òyìnbó kan sọ̀ kalẹ̀ láti òkè bá mi. Wọ́n bi mí pé ṣé ara mi ò yá ni. Mo ní rárá, àsìkò ló ti lọ. Wọ́n fa ọwọ́ ẹ̀wù sókè, wọ́n na aago ọwọ́ wọn sí mi: 12:10.

Bàbá ló wá là mí lóye. Aago ìhà àwọn òkè (Mountain Time) ni wọ́n ń lò nínú ọgbà yìí, bíi ti El Paso tí mo ti wá, ṣùgbọ́n aago àárín gbùngbùn (Central Time) ni èyí tó pọ̀ jù ní Texas ń lò, wákàtí kan ló sì fi ṣíwájú. Fóònù mi ti lọ gba ìròyìn látọ̀dọ̀ òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà ní ìhà ọ̀hún, ó fò síwájú láìsọ fún mi. Mo dúpẹ́ títí, bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n bá tiwọn lọ.

Mo dé ṣóńṣó orí òkè kí aago kan tó lù. Irin onígun mẹ́ta kan wà lórí òkè náà tí American Airlines gbé síbẹ̀ lọ́dún 1958, láti fi ṣàmì pé ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin Butterfield bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà kọjá nísàlẹ̀. Èmi ò rídìí kí irin wà lórí òkè, àmọ́ ó gba afẹ́fẹ́ dúró, mo fẹ̀yìn tì í, mo sì mẹ́nu kúrò. El Capitan, àpáta tó máa ń ga fíofío lójú ẹni tó bá wà lójú títì, ìpàkọ́ rẹ̀ ni mò ń wò. Ní ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ iyọ̀ funfun tẹ́ lọ rẹrẹ. Torí iyọ̀ ibẹ̀ ni àwọn èèyàn fi para wọn lọ́dún 1877. Mo ń jẹ ẹ̀pà, mo wolẹ̀, mo rí àwòrán ìkarahun lára òkúta tí mo jókòó lé. Abẹ́ òkun ni gbogbo òkè yìí wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 260 ọdún sẹ́yìn. Mo fi ìka tọ ìlà ara rẹ̀ títí ìka fi kú. Òfin ò gbà kéèyàn mú un lọ.

Àbọ̀ ò ní ìtàn púpọ̀, orúnkún nìkan ló sunkún. Ìhà ìlà-oòrùn ni Pine Springs wà, nítorí náà òjìji òkè ti bo ọ̀nà tipẹ́ kí oòrùn tó wọ̀ lóòótọ́. Mo dé ìdí mọ́tò láago 4:20, ọwọ́ mi ò lè yí kọ́kọ́rọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí. Ìwé kan wà nínú páànù lókè tí àwọn tó bá débẹ̀ ń kọ orúkọ wọn sí. Èmi náà kọ tèmi, mo kọ ọjọ́, mo sì wo fóònù kọ àsìkò. 1:55.