Ìdáhùn sí àbá «Ìwọlé kùnà»: ta ló kùnà, níbo ló sì ti kùnà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè wa.

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé nínú ìtumọ̀ tí a ń ṣe fún ètò tí àwọn alábòójútó fi ń darí áńtífáírọ́ọ̀sì lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà, kí a máa kọ «Ìwọlé kùnà» síbikíbi tí «Login failed» bá ti jẹ yọ. Àwọn kan ti fọwọ́ sí i. Èmi kò lè fọwọ́ sí i, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí ju ẹwà èdè lọ.

Ẹ wo «kùnà» fúnra rẹ̀. Bí a ṣe ń lò ó, ènìyàn ló sábà máa ń kùnà: akẹ́kọ̀ọ́ kùnà nínú ìdánwò, òṣìṣẹ́ kùnà nínú ojúṣe rẹ̀. Alábòójútó tẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, ẹ̀rọ ní «Ìwọlé kùnà». Ohun tí yóò kọ́kọ́ rò ni pé òun ló ṣi ọ̀rọ̀ tẹ̀. Á tún un tẹ̀, á tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá ti dé iye ìgbà tí wọ́n ṣètò sílẹ̀, ètò náà yóò ti àkáǹtì rẹ̀ pa, wàhálà kan á sì di méjì. Bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ ti tọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an? Pátákó ìdarí tí alábòójútó ń wò kì í ṣe sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ àárín tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an (server). Pátákó náà gbọ́dọ̀ gba orí nẹ́tíwọọ̀kì lọ bá sáfà ní ojúlé kan pàtó. Nọ́ńbà ni a fi ń pe ojúlé, 8443 sì wà lára àwọn tí irú ètò báyìí sábà máa ń lò. Sáfà yóò wá yẹ ẹni tó dé wò, yóò sì wo ohun tí wọ́n fún un láṣẹ láti ṣe. Kó tó lè ṣe èyíkéyìí nínú wọn, òun náà gbọ́dọ̀ ráyè wọ inú àká dátà (database) tí gbogbo orúkọ àti ètò wà. Gbogbo ibi wọ̀nyí ni nǹkan ti lè bàjẹ́, àtúnṣe wọn kò sì jọra.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ lo «ojúlé» lókè yẹn ni. Nínú àkọsílẹ̀ tí a ní tẹ́lẹ̀, «èbúté» ni wọ́n pe «port». Port inú nẹ́tíwọọ̀kì kò bá ọkọ̀ ojú omi tan. Nọ́ńbà ni, láti 0 dé 65535, ètò kọ̀ọ̀kan lórí sáfà á sì máa retí àlejò ní nọ́ńbà tirẹ̀, bí ilé ńlá kan tí agbo ilé kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ní ojúlé tirẹ̀. Ẹ gbìyànjú gbólóhùn méjì yìí wò: «Ojúlé 8443 kò dáhùn» àti «Kò sí ètò kankan ní ojúlé 8443». Nígbà tí ìdáhùn kò bá dé títí tí àkókò fi kọjá, ó sábà máa ń jẹ́ pé ògiri ààbò (firewall), ètò tó ń pinnu ìpè tó lè kọjá, ló ń da ìpè náà nù lójú ọ̀nà, tàbí pé ẹ̀rọ náà kò sí lórí nẹ́tíwọọ̀kì rárá. Tí wọ́n bá kọ ìpè náà lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ wà níbẹ̀, àmọ́ ètò abẹ́nú (service) tó yẹ kó máa gbọ́ ìpè ti lè dúró. Alábòójútó tó ka èkíní yóò lọ yẹ ògiri ààbò wò. Ẹni tó ka èkejì yóò lọ bẹ̀rẹ̀ ètò abẹ́nú náà padà. «Èbúté» kò lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ìyàtọ̀ yìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le jù lójú tèmi ni ìyàtọ̀ láàárín ìjẹ́rìísí àti àṣẹ. Ìjẹ́rìísí ni pé sáfà gbà pé ìwọ ni ẹni tí o pe ara rẹ. Àṣẹ ni pé ohun tí o fẹ́ ṣe wà lára ohun tí a fún ọ láyè láti ṣe. Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ti da ọ̀rọ̀ rú níbí. Nọ́ńbà 401 tí sáfà wẹ́ẹ̀bù máa ń fi fèsì, «Unauthorized» ni wọ́n pè é, ẹni tó bá sì tú u bó ṣe wà yóò kọ «O kò ní àṣẹ». Ṣùgbọ́n ohun tí 401 ń wí ni pé ẹ̀rí tí o mú wá kò tó, tàbí pé o kò mú ẹ̀rí kankan wá. 403 ló sún mọ́ àìláṣẹ. Tí a bá tẹ̀ lé orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ní wòóró-sí-wòóró, a ó rán ẹni tí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ ti kọjá àkókò lọ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ìyẹn kò sì ní ràn án lọ́wọ́ rárá. Àbá mi: «A kò lè jẹ́rìí sí i pé ìwọ ni» fún 401, «A mọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n o kò ní àṣẹ síbí» fún ẹni tí sáfà ti dá mọ̀ tí wọn kò tíì fún ní ipò kankan nínú ètò náà.

Ẹ̀gbọ́n wa mìíràn bẹ̀rù pé tí a bá ń ṣàlàyé jù, a ó máa ran olè lọ́wọ́. Òótọ́ ni, níbì kan ṣoṣo. Ètò kò gbọdọ̀ sọ fún àjèjì pé orúkọ wà ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aṣínà ni kò tọ̀nà, torí olè yóò fi ìyẹn ṣa àwọn orúkọ tó wà lóòótọ́ jọ. Níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká pa méjèèjì pọ̀: «Orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà yìí kò tọ̀nà». Ṣùgbọ́n kí a sọ pé ojúlé kò dáhùn kò tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Ìwé àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ inú sáfà, tí alábòójútó nìkan ń kà, gbọ́dọ̀ sọ ohun gbogbo láìfi nǹkan kan bò.

Inú ìwé àkọsílẹ̀ yẹn gan-an ni «Ìwọlé kùnà» ti léwu jù. Nígbà tí àká dátà bá jẹ́ SQL Server, ti iléeṣẹ́ Microsoft, àṣìṣe 18456 ni ó máa ń kọ: «Login failed for user», orúkọ kan á sì tẹ̀ lé e. Tí ó bá jẹ́ sáfà áńtífáírọ́ọ̀sì ló ń kan àká dátà, orúkọ yẹn kì í ṣe ti alábòójútó. Àkáǹtì tí sáfà fi ń wọ inú àká dátà ni. Ẹnì kan ti lè yí ọ̀rọ̀ aṣínà àkáǹtì náà padà nínú àká dátà láìyí i padà nínú ètò sáfà. Tí ìtumọ̀ wa bá ní «Ìwọlé kùnà fún oníṣe», alábòójútó yóò lọ yí ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, kò sì ní sí ohun tí yóò yàtọ̀. «Sáfà kò rí àká dátà wọ̀, àkáǹtì tó lò ni…» ni mo fẹ́. Gbólóhùn náà gùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó dárúkọ ẹni tí wọn kò gbà wọlé. Ẹ tún rántí pé àká dátà lè kún: ẹ̀dà Express ti SQL Server, láti 2008 R2 títí dé 2022, kò gbà ju 10 GB lọ fún àká kọ̀ọ̀kan. Tó bá kún, tí sáfà kò sì lè kọ ohun tuntun sínú rẹ̀, wíwọlé lè dáwọ́ dúró nígbà tí ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo ènìyàn ṣì tọ̀nà.

Aago ẹ̀rọ náà lè dí ìwọlé lọ́wọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi Kerberos, ìlànà ìjẹ́rìísí kan, jẹ́rìí sí ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí Active Directory, ètò Microsoft tó ń tọ́jú àkáǹtì àwọn òṣìṣẹ́, ṣe ń ṣe, ìyàtọ̀ aago ẹ̀rọ méjì kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 5 lọ bí wọn kò bá yí ètò náà padà. Nọ́ńbà ìjẹ́rìísí kejì tí fóònù ń pèsè sábà máa ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá 30, torí náà bí aago kò bá bára mu, sáfà lè má gbà á. «Aago ẹ̀rọ yìí àti ti sáfà kò bára mu» ló yẹ ká kọ síbẹ̀.

Lórí àkáǹtì tí wọ́n tì, mo fara mọ́ «A ti àkáǹtì yìí pa fún ìgbà díẹ̀». «Fòfin dè» tí ẹnì kan dábàá ti le jù, ó dún bí ìjìyà. «Dá dúró» náà ń fi hàn pé ènìyàn kan ló pàṣẹ rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ètò ló ṣe é fúnra rẹ̀, tí yóò sì ṣí i fúnra rẹ̀ níbi púpọ̀. «Ọ̀rọ̀ aṣínà» ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn ti mọ̀ ọ́n.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni ohun tí ìdààmú máa ń mú kí alábòójútó ṣe. Tí kò bá mọ ohun tó bàjẹ́, yóò yọ ètò sáfà kúrò, yóò sì fi òmíràn síbẹ̀. Sáfà tuntun lè dá ìwé ẹ̀rí (certificate) tuntun tí yóò fi máa ṣàfihàn ara rẹ̀, àwọn kọ̀ǹpútà tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sì ní gbà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá wọn mọ́ àyàfi tí ó bá ti ṣe ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí àtijọ́ pamọ́. Gbogbo ìyẹn lórí ètò abẹ́nú kan tó kàn dúró! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, áńtífáírọ́ọ̀sì orí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan sábà máa ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ pẹ̀lú ètò tó gbà kẹ́yìn, bí pátákó ìdarí kò tilẹ̀ ṣí. Mo dábàá pé kí a kọ gbólóhùn kan nípa èyí sábẹ́ ìfitónilétí náà: «Ààbò orí àwọn kọ̀ǹpútà yín ṣì lè máa ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe yọ ètò yìí kúrò».

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ fọwọ́ sí «Ìwọlé kùnà», tí ẹ bá ṣì rí ibì kan tí «kùnà» ti yẹ kó dúró, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi odindi gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ ránṣẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà àṣìṣe rẹ̀ àti ibi tó ti jẹ yọ, bóyá lójú pátákó ni tàbí nínú ìwé àkọsílẹ̀, ká lè jọ mọ ẹni tí wọn kò gbà wọlé níbẹ̀ ká tó kọ ọ́.