Eggnog mi kò ṣù mọ́: àbọ̀ ìbéèrè mi

Ẹ̀yin ará mi, àbọ̀ rèé o. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo béèrè ìdí tí eggnog mi (ohun mímu oní-mílíìkì àti ẹyin tí wọ́n sábà máa ń mu nígbà Kérésì) fi ń ṣù bí ẹyin díndín, àti bí a ṣe lè máa rí i mu láìdúró de Kérésì, pẹ̀lú iná Sùúrùlérè tó ń lọ tó ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n má da ẹyin sínú mílíìkì gbígbóná, òótọ́ lẹ sọ. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń ṣìṣe. Lánàá, mo po pupa ẹyin mẹ́fà mọ́ ìdajì kọ́ọ̀pù ṣúgà, mo wá ń da mílíìkì gbígbóná, kọ́ọ̀pù mẹ́ta, sí i díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ mi ò sì kúrò lórí rírò. Lẹ́yìn náà ni mo dá gbogbo rẹ̀ padà sórí iná kékeré. Nígbà tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ṣíbí, tí òṣùwọ̀n ooru sì kan 71°C, mo sọ̀ ọ́. Ẹ má fojú kéré ooru yẹn o, òun ló ń pa kòkòrò salmonella inú ẹyin, ọmọ kékeré sì wà nílé mi. Mo ha nutmeg sí i, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé!

Nínú fíríìjì, ọjọ́ mẹ́ta ló pọ̀ jù. Bí iná bá lọ ju wákàtí mẹ́rin lọ, ó máa ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo máa ń dà á nù. Ìdí nìyí tí mo fi ń ṣe ìwọ̀nba, nígbàkígbà tó bá wù wá. Inú ife àgbà nìkan ni ọtí rum ń wọ̀.

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti rí ìdáhùn mi.